Oorun Kọ̀, Iṣẹ́ Ò Sì Dúró: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Kì Í Róorun Sùn

Ìbéèrè kan náà ló ń wá láti Kàbà, láti Ìsánlú, láti Mòpà, láti Ìyàrà, ní ìpínlẹ̀ Kogí: "Ó ti tó oṣù mélòó kan tí n kò ti róorun sùn dáadáa, mo sì gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní aago 8 àárọ̀. Kí ni kí n ṣe?" Olùkọ́ ń béèrè, nọ́ọ̀sì ń béèrè, awakọ̀ ń béèrè, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Obajana náà ń béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ rèé, ní ẹsẹẹsẹ.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dúró lé. Ohun tó kọ́kọ́ lé oorun lọ, ì báà jẹ́ ọ̀fọ̀, gbèsè, àìsàn tàbí ọmọ tuntun, lè ti kọjá tipẹ́. Ohun tó ń mú àìróorunsùn pẹ́ lára ni ọ̀nà tí à ń gbà wá oorun tó sọnù: à ń tètè wọlé sùn, à ń pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, à ń sùn lọ́sàn-án gangan, à ń jẹ obì kí ojú lè là níbi iṣẹ́. Bí a bá ṣe ń lé oorun tó, bẹ́ẹ̀ ló ń sá tó. Ìtọ́jú tó wà níhìn-ín yí èyí padà. Òun ni wọ́n ń pè ní CBT-I, ìyẹn ìtọ́jú àìróorunsùn tó ń yí ìrònú àti ìṣe ẹni padà láìlo oògùn, òun náà sì ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà American College of Physicians sọ ní 2016 pé kí wọ́n kọ́kọ́ lò fún gbogbo àgbàlagbà tí àìróorunsùn ti wọ̀ lára, kí wọ́n tó ronú kan oògùn.

## Ṣé àìróorunsùn ni lóòótọ́?

Wọn kì í pè é ní àìróorunsùn tó ti wọra àfi bó bá ń ṣẹlẹ̀ ní òru 3 ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀, tó ti tó oṣù 3, tó ń da iṣẹ́ ọ̀sán rú, tí ẹ sì ráyè sùn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù ní aago 11 alẹ́, tó dìde ní aago 4 láti lọ bá mọ́tò Lọ́kọ́ja, kò ní àìróorunsùn. Àyè oorun ni kò ní, àyè ni kó lọ wá.

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà bí ọ̀kan nínú wọ̀nyí bá ń ṣe yín:

- Ẹ máa ń hanrun gan-an, ẹni tó ń bá yín sùn sì sọ pé èémí yín a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kó tó padà, tàbí ẹ máa ń ta jí bí ẹni tí ọ̀fun fún pa.
- Ẹsẹ̀ yín kì í jẹ́ kí ẹ sinmi lálẹ́, àfi kí ẹ dìde rìn kó tó dẹ̀. Àìtó èròjà irin nínú ẹ̀jẹ̀ lè fà á. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn.
- Ẹ ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó lè jẹ́ pròsíteètì, ó lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀ tí ẹ ń lò lálẹ́. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó láàárọ̀. Ẹ má fúnra yín yí i padà.
- Àyà yín ń já, ẹ ń rù, ooru ń mú yín ju àwọn ará ilé lọ.
- Ikọ́ fée, inú tó ń ta lóru, tàbí ìrora tó ń jí yín.
- Ayé sú yín, ohun tí ẹ fẹ́ràn kò dùn mọ́, ẹ sì ń jí ní aago 3 tí ẹ kò lè sùn mọ́. Bí èrò àtigba ẹ̀mí ara yín bá ń wá, ọjọ́ náà ni kí ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé kí ó sì bá yín dé ilé ìwòsàn.
- Ẹ ń sùn wákàtí 2 tàbí 3, síbẹ̀ kò rẹ̀ yín rárá, ẹ ń sọ̀rọ̀ wuuru, ẹ ń náwó ní ìná àpà. Ìyẹn kì í ṣe àìróorunsùn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Àwọn kan yóò ti sọ fún yín pé ọwọ́ ayé ni. Ẹ gbàdúrà yín, kò sí ohunkóhun níhìn-ín tó lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìṣọ́ òru ọjọ́ 7 wo ẹni tí kì í sùn. Ọ̀sán ni kí ẹ fi àdúrà náà sí.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ìwé oorun, ọjọ́ 14

Ẹ ra ìwé kékeré kan àti bírò. Ẹ má lo fóònù fún un, torí fóònù lẹ fẹ́ gbé jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dìde tán, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe rántí. Ẹ kò gbọ́dọ̀ máa yọjú wo aago lóru nítorí kí ẹ lè rí nǹkan kọ. Àfojúbù tó.

Bí ojú ìwé kan ṣe lè rí nìyí:

*Ọjọ́ Ajé. Mo dùbúlẹ̀: 8:30 alẹ́. Mo sùn lọ: bí 10:30. Mo jí lóru: ẹ̀ẹ̀mejì, bíi wákàtí 1½ lápapọ̀. Mo dìde: 5:30. Iye tí mo sùn: wákàtí 5½. Iye tí mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì: wákàtí 9. Obì: awẹ́ 2, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Oorun ọ̀sán: ìṣẹ́jú 50. Ojú mi là jù: aago 10 sí 12.*

Ẹni yìí lo wákàtí 9 lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi wákàtí 3½ nínú rẹ̀ yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, ibẹ̀ la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Aago ìdìde kan ṣoṣo

Ẹ mú aago kan tí ẹ ó máa dìde lójoojúmọ́, kí ó bá ọjọ́ tí ẹ ń tètè jáde jù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mu. Bó bá jẹ́ 5:30, 5:30 ni lọ́jọ́ Ajé, òun náà ni lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti lọ́jọ́ Ìsinmi. Ì báà ṣe wákàtí 2 péré lẹ sùn, ẹ dìde.

1. Ẹ gbé aago tó ń dún síbi tí ọwọ́ kò lè dé láti orí bẹ́ẹ̀dì.
2. Ẹ dìde bó bá ti dún.
3. Ẹ jáde síta láàárín wákàtí àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ mọ́, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run lè bà yín fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ gbálẹ̀ àgbàlá, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé páàkì, ẹ lọ sóko. Ìmọ́lẹ̀ yìí ló ń sọ fún ara pé ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, òun náà ló ń ṣètò ìgbà tí oorun yóò dé lálẹ́. Gílóòbù iná inú yàrá kò tó bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tó wà níhìn-ín, bí ẹ bá máa mú ẹyọ kan ṣoṣo, èyí ni kí ẹ mú.

## Ìgbésẹ̀ 3: Bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ti oorun

Oorun àti àjọṣe tọkọtaya nìkan ni bẹ́ẹ̀dì wà fún. A kì í ṣírò owó lórí rẹ̀, a kì í jẹun lórí rẹ̀, a kì í wo fíìmù, a kì í dáhùn WhatsApp, a kì í máàkì ìwé ọmọ ilé-ìwé lórí rẹ̀. Ara tó bá ti mọ bẹ́ẹ̀dì sí ibi ìrònú, bó bá ti fẹ̀yìn lé e báyìí ni ojú yóò là.

1. Ẹ má dùbúlẹ̀ àfi bí oorun bá ń kùn yín lóòótọ́: ìpéǹpéjú ń wó, orí ń já. Àárẹ̀ kì í ṣe oorun. Ó lè rẹ̀ yín dé egungun kí oorun má sì sí lójú.
2. Bí ẹ bá ti dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun kò wá, tàbí tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí yín, ẹ dìde. Ẹ fojú bù ú, ẹ má wo aago.
3. Ẹ lọ jókòó síbòmíràn. Ẹ ṣe ohun tí kò gba agbára: ẹ ka ìwé tí ẹ ti kà rí, ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ ká aṣọ.
4. Bí oorun bá padà, ẹ padà. Bó bá tún kọ̀, ẹ tún dìde. Òru àkọ́kọ́ lè rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Bí ó bá jẹ́ yàrá kan ni gbogbo yín ń gbé ńkọ́? Ìbéèrè yìí pọ̀ jù lọ. Kò di dandan kí ẹ ní pálọ̀. Ẹ gbé àga kan tàbí àpótí sí igun yàrá tó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì kọ ojú iná kékeré sí ògiri kí ó má baà jí àwọn yòókù. Ẹni tó ń sùn lórí ẹní lè ká ẹní náà, kó jókòó sórí àpótí, kó tún tẹ́ ẹ bí oorun bá dé. Ohun tí a ń wá ni pé kí ara mọ̀ pé ibi tí a ti ń sùn yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń lajú. Ẹ má torí èyí jáde síta lóru bí àdúgbò kò bá fini lọ́kàn balẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dín àyè oorun kù

Ìgbésẹ̀ tó le jù rèé, òun ló sì lágbára jù. Ẹ ó dín wákàtí orí bẹ́ẹ̀dì kù títí yóò fi sún mọ́ iye tí ẹ ń sùn gan-an, kí ebi oorun lè pa ara. Bó bá ti di oorun àsùnwọra, ẹ ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ṣe é rárá láìsí dókítà bí ẹ bá ní wárápá, bí ẹ bá ti ní àrùn ọpọlọ tó ń mú orí gbóná rí, bí ẹ bá máa ń rìn lójú oorun, bí ẹ bá lóyún, tàbí bí dókítà bá ti sọ pé èémí yín ń dúró lójú oorun. Àìtó oorun lè ta wárápá jí, ó sì lè mú kí orí gbóná. Awakọ̀ tírélà, ẹni tó ń gun òkè ilé kọ́lé, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó lè géni: ẹ ṣe ìgbésẹ̀ 1 sí 3 àti 5, ẹ fi èyí sílẹ̀ títí ẹ ó fi wà ní ìsinmi iṣẹ́.

Ìṣirò rẹ̀:

1. Ẹ ro iye wákàtí tí ẹ sùn fún ọjọ́ 14 pọ̀, ẹ pín in sí 14. Ti àpẹẹrẹ wa jẹ́ 5½.
2. Ẹ fi ìṣẹ́jú 30 kún un: wákàtí 6. Bí iye tó jáde kò bá tó 5, ẹ lo 5. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 5.
3. Ẹ kà á sẹ́yìn láti aago ìdìde. Wákàtí 6 sẹ́yìn láti 5:30 jẹ́ 11:30 alẹ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, bó ti wù kí ó rẹ̀ yín tó.
4. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ pín iye tí ẹ sùn sí iye tí ẹ lò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ìṣẹ́jú 320 nínú 360 jẹ́ 89.
   - Bó bá jẹ́ 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dùbúlẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú tẹ́lẹ̀: 11:15.
   - Bó bá wà láàárín 80 sí 84, ẹ má yí nǹkan kan padà.
   - Bí kò bá tó 80, ẹ dín ìṣẹ́jú 15 kù: 11:45. Ẹ má rékọjá ìwọ̀n wákàtí 5.
5. Ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ojú yín yóò fi máa là dáadáa lọ́sàn-án. Kò pọn dandan kó tó wákàtí 8.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 àkọ́kọ́ yóò le. Oorun yóò máa kùn yín lọ́sàn-án ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ará ilé yóò sì ní kí ẹ lọ dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á tì, nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Nítorí náà ẹ yan àkókò: olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọlidé, òṣìṣẹ́ ìjọba lè bẹ̀rẹ̀ nígbà ìsinmi ọdọọdún, àwọn yòókù lè bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ Ẹtì tí kò sí òkú tí wọ́n fẹ́ sin.

Kí lẹ ó ṣe títí di 11:30 bí kò bá sí iná NEPA? Iṣẹ́ ìdúró ló dára jù: ẹ lọ aṣọ iṣẹ́ ọ̀la, ẹ fọ abọ́, ẹ bó ẹ̀gúsí. Ẹni tó bá jókòó sórí àga tìmùtìmù láti aago 9 ti sùn lọ kí aago 10 tó lù, oorun tó sùn níbẹ̀ ni kò ní rí sùn ní aago 2 òru.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìrònú ní aago tirẹ̀

Owó ilé-ìwé, oṣù tí wọn kò tíì san, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí: òru ni gbogbo wọn ń dé. Ẹ fún wọn ní aago. Ìṣẹ́jú 15, láàárín aago 6 sí 7 ìrọ̀lẹ́, ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Lápá òsì ẹ kọ ohun tó ń dà yín láàmú, lápá ọ̀tún ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè ṣe sí i lọ́la, ì báà jẹ́ "pe Bàbá Ṣọlá láàárọ̀." Bí kò bá sí ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ kọ "kò tíì sí." Bó bá tún dé ní aago 2 òru, ẹ rán ara yín létí pé ó ti wà nínú ìwé.

Èrò tó burú jù lóru ni "bí n kò bá sùn báyìí, iṣẹ́ ọ̀la bàjẹ́ nìyẹn." Ẹ padà sínú ìwé oorun yín, ẹ wo iye ọjọ́ tí ẹ sùn díẹ̀ tí ẹ sì parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

## Obì, kọfí, ọtí, oúnjẹ

Obì ní kaféènì, bí kọfí ti ní i, bí tíì ti ní i, bí kóòkì àti ohun mímu agbára ti ní i. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5. Obì tí a jẹ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní aago 9 alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sán gangan jẹ́ òpin rẹ̀. Níbi ìsìnkú àti ìdána, bí wọ́n bá pín obì, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ fi sápò. Bí ẹ bá ti ń jẹ ẹ́ púpọ̀, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí bí ẹ bá jáwọ́ lójijì orí yóò fọ́ yín.

Ẹmu, búrùkútù àti ògógóró a máa tètè gbé oorun wá, wọ́n á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ láti àárín òru lọ. Wọ́n ń mú kí ìtọ̀ pọ̀, wọ́n ń mú kí ìhanrun le. Ẹni tó ń fi ọtí sùn yóò máa jí ní aago 2 tàbí 3.

Iyán alẹ́: ẹ jẹ ẹ́ ní wákàtí 3 kí ẹ tó dùbúlẹ̀, kí ó mọ níwọ̀n.

## Ooru àti ariwo

Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, yàrá a máa gbóná bí ààrò. Ẹ ṣí fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wẹ̀ ní wákàtí 1 sí 2 kí ẹ tó sùn, ẹ fi aṣọ tútù nu ara. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rídọ̀ tàbí fàráńdà nítorí fáànù. Èéfín rẹ̀ kò rùn tó láti jíni, ó sì ń pa odindi ìdílé. Ti ariwo gbohùngbohùn ilé ìjọsìn, ẹ ra ohun ìdítí ní kẹ́míìsì, àfi bí ẹ bá ní ọmọ ọwọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ igbe rẹ̀.

## Ọ̀sán: bí ẹ ó ṣe di iṣẹ́ mú

Ọkọ̀ àti ọ̀kadà ló ṣáájú. Bí ẹ kò bá sùn tó wákàtí 5 lóru àná, ẹ má wa ọkọ̀ lọ ọ̀nà jíjìn. Ẹ wọ mọ́tò èrò. Ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja, láàárín àwọn tírélà Obajana, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń tòògbé. Àmì pé oorun ti fẹ́ gbé yín lọ: ẹ kò rántí ìlú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, táyà ń bọ́ sí etí títì, ẹ ń yán láìdáwọ́dúró. Orin tí a yí sókè àti fèrèsé tí a ṣí kò ràn án ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ yà síbi tí kò léwu, ẹ mu kọfí ife kan, ẹ sùn ìṣẹ́jú 20. Kaféènì náà yóò ti máa ṣiṣẹ́ bí ẹ bá fi máa jí.

Iṣẹ́ tó ṣòro, aago tí ojú là. Ìwé oorun ti fi han yín. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn ó jẹ́ aago 10 sí 12 àárọ̀, nígbà tó jẹ́ pé aago 1 sí 3 ni ara ń wálẹ̀. Ẹ fi ìṣírò owó, ìwé kíkọ àti ìpàdé sí àárọ̀. Ẹ fi ohun tó gba ìrìn, bíi ká pín ìwé tàbí ká lọ wo ọjà tó wà nínú stóò, sí ọ̀sán.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iyè inú. Àìróorunsùn a máa jẹ́ kí èèyàn gbàgbé ohun kékeré. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fúnni lábẹ́rẹ́: ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì ka orúkọ aláìsàn, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sókè kí ẹ tó fún un. Ẹni tó ń gba owó: ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíràn kà á lẹ́ẹ̀kan.

Oorun ọ̀sán. Bó bá di dandan, ìṣẹ́jú 20 péré, kó tó di aago 3, lórí àga, pẹ̀lú aago tó máa jí yín. Ní àsìkò ìgbésẹ̀ 4, àfi nítorí ààbò nìkan.

Bí ẹ ó ṣe sọ fún ọ̀gá. Ẹ má kàn sọ pé ara yín ò yá. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín, iye àkókò tó máa gbà, àti ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń gba ìtọ́jú àìróorunsùn, ó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, kí ẹ má fi mí sí iṣẹ́ òru, kí n sì máa ṣe àkọsílẹ̀ owó láàárọ̀ dípò ìrọ̀lẹ́. Ìwé dókítà rèé, sà."

## Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru

Ìgbésẹ̀ 4 kò dára fún ẹni tí aago iṣẹ́ rẹ̀ ń yí láti òru sí ọ̀sán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dípò rẹ̀:

- Ẹ sùn wákàtí 1 sí 1½ ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó lọ síṣẹ́.
- Kaféènì yín kò gbọ́dọ̀ rékọjá ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́ òru náà.
- Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé láàárọ̀ tí ẹlòmíràn ló ń wakọ̀, ẹ wọ awò dúdú. Bí ẹ̀yin bá ni ẹ ń wà á, ẹ má wọ̀ ọ́, torí ó lè mú kí oorun kùn yín.
- Ẹ fi aṣọ dúdú tó nípọn bo fèrèsé. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ní aago pàtó: "Ẹ má kan ilẹ̀kùn láti 8 sí 1." Ẹni tó bá kàn sọ pé òun fẹ́ sùn, àlejò yóò jí i.
- Bí ẹ bá lè bá ọ̀gá sọ ọ́, ẹ ní kí iṣẹ́ máa yí láti àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ sí òru. Ara ń gba èyí ju òdìkejì rẹ̀ lọ.

## Òpin ọ̀sẹ̀ àti àìsùn ìsìnkú

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti máa ń dànù. Alẹ́ Ẹtì àìsùn, ọjọ́ Àbámẹ́ta ìsìnkú, ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, ọjọ́ Ajé iṣẹ́. A kò lè sọ pé kí ẹ má lọ. Ẹbí kò ní gbà, ẹ̀yin náà kò ní fẹ́.

1. Ẹ tètè dé síbi àìsùn kí gbogbo èèyàn rí yín, ẹ kí àwọn ọlọ́fọ̀, ẹ ṣe ohun tó kàn yín, ẹ sọ fún àgbà ẹbí kan pé ẹ ń gba ìtọ́jú, ẹ kúrò ní bí aago 10.
2. Bí òkú náà bá jẹ́ ti ilé yín gan-an, ẹ kò ní sùn, ẹ má sì bínú sí ara yín. Ẹ di aago ìdìde mú lọ́jọ́ Ìsinmi.
3. Ẹ má fi ọ̀sán Àbámẹ́ta san gbèsè oorun ju ìṣẹ́jú 30 lọ, àfi bí ẹ bá fẹ́ wakọ̀ padà.
4. Nínú ìwé oorun, ẹ fi àmì sí ọjọ́ náà, ẹ má kà á mọ́ ìṣirò ọ̀sẹ̀.

## Oògùn àti àgbo

Diazepam, bromazepam àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń mú èèyàn sùn lóòótọ́. Fún ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n wà fún, láti ọwọ́ dókítà. Bí ẹ bá ń lò wọ́n fún oṣù, ara yóò mọ́ wọn, ìwọ̀n ti àná kò sì ní tó mọ́.

- Bí ẹ bá ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má jáwọ́ lójijì. Ó lè fa gìrì. Dókítà ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀.
- Ẹ má pò ó mọ́ ọtí, tramadol tàbí omi ikọ́ tó ní codeine. Àpapọ̀ wọn lè dá èémí dúró.
- Piriton àti promethazine, tí ọ̀pọ̀ ń rà ní kẹ́míìsì láti fi sùn, a máa mú oorun kùnni dé ọ̀sán ọjọ́ kejì. Lára àgbàlagbà wọ́n lè da ìrònú rú, wọ́n sì lè sé ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin tó ní pròsíteètì.
- Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Ẹ sọ fún dókítà ohun gbogbo tí ẹ ń mu.

## Ibi tí wọ́n ti máa ń kùnà

- "Mo sùn dáadáa ní òru 2, mo wá padà sí aago 9." Ẹ dúró di ọjọ́ 7 kí ẹ tó fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Ẹ má fi wákàtí kún un.
- Wíwo aago lóru. Ẹ yí ojú rẹ̀ sí ògiri.
- Fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí nítorí iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì.
- Gbígbé ohun 10 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbésẹ̀ 1 àti 2 fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ìgbésẹ̀ 3 àti 5 tẹ̀ lé e, ìgbésẹ̀ 4 lẹ́yìn wọn.
- Ìgbésẹ̀ 4 láìsí aago ìdìde. Bí ẹ bá pẹ́ dùbúlẹ̀ tí ẹ tún pẹ́ dìde, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

## Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá tí kò yí padà

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ì báà jẹ́ jẹ́nẹ́rà Kàbà tàbí ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja wà. Fún àwọn ará Yàgbà, ti yunifásítì Ìlọrin lè rọrùn jù. Lílọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ kò sọ yín di wèrè. Oorun wà lára iṣẹ́ wọn.

Ẹ mú dání:

- ìwé oorun, gbogbo ọ̀sẹ̀ rẹ̀
- gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò, nínú páálí tàbí ìgò wọn
- ẹni tó ń bá yín sùn, torí òun ló mọ̀ bí ẹ bá ń hanrun tàbí tí èémí ń dúró
- ìwé iṣẹ́ tó fi aago iṣẹ́ yín hàn, bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ òru

Bí àìróorunsùn bá ti lọ tó sì tún padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má dúró kó tó oṣù 3. Ẹ padà sí ìwé oorun àti aago ìdìde ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ kọ́kọ́ kíyè sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ 3 lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.